Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àsọtẹ́lẹ̀ àti àmì: bí a ṣe ń yan èyí tó tọ́

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "The meteorological agency prophesied heavy rain" àti "The prophet forecast the death of a king." Gírámà wọn kò ní àbùkù, síbẹ̀ etí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á kọ̀ wọ́n. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sọtẹ́lẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ fún wa níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní bíi mẹ́wàá. Àmì náà ń dá ṣe iṣẹ́ sign, omen, portent àti symptom pa pọ̀. Tí a bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ibẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ àti oníròyìn ti ń ṣìnà.

Ìbéèrè mẹ́ta ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Níbo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti rí ohun tó mọ̀? Ṣé ènìyàn ló sọ ọ́ ni, àbí nǹkan kan ló fi í hàn? Ṣé ire ni wọ́n ń retí ni, àbí ibi? Ẹni tó bá ti rí babaláwo tó ń fi ìbò bi Ifá bóyá ire ni tàbí ibi kò ní ka ìbéèrè kẹta yẹn sí àjèjì.

Níbo ni ìmọ̀ náà ti wá?

Forecast wà fún ìmọ̀ tó ti inú àkíyèsí àti ìṣirò wá: ojú ọjọ́, ọrọ̀ ajé, iye ọjà tí ilé-iṣẹ́ máa tà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìpète sílẹ̀ ló sì túmọ̀ sí nígbà kan. Robert FitzRoy ló so ó mọ́ ojú ọjọ́. Òun ni ọ̀gá ọkọ̀ HMS Beagle nígbà tí Charles Darwin bá ọkọ̀ náà yí ayé ká. Ní 1854 ni wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìjọba tó di Met Office ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, nígbà tó sì di oṣù Ọ́gọ́ọ́sì 1861, ìwé ìròyìn The Times bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ohun tó ń sọ nípa ojú ọjọ́ jáde fún aráàlú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan forecast. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kì í ṣe prophecy, kì í sì í ṣe prediction, èrò tí a fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò gbé kalẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tó fẹ́ fi hàn nígbà náà ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà títí di òní, ìdí nìyẹn tí kò fi bá ẹnu wòlíì mu.

Predict ló súnmọ́ sọtẹ́lẹ̀ jù lọ. Inú èdè Látìn ló ti wá: prae ni ṣáájú, dicere ni sọ. Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè predict, wòlíì lè predict, ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù náà lè predict. Bí ọ̀rọ̀ tó yẹ kò bá dá yín lójú, predict ni kí ẹ lò, kò ní dójú tì yín.

Ní Nàìjíríà, NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, ń gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún tó pè ní Seasonal Climate Prediction, àjọ tó ń rí sí omi odò sì ń gbé Annual Flood Outlook tirẹ̀ jáde. Outlook rọ̀ ju forecast lọ, torí bí nǹkan ṣe rí lápapọ̀ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni, nítorí náà a kò lè kọ ọ́ pé "the agency outlooked". Projection ní tirẹ̀ gbé "bí nǹkan bá ń lọ báyìí" pamọ́ sínú: a fi iye ọmọ tí wọ́n ń bí lónìí ṣírò iye ènìyàn tó máa wà ní 2050. Bí ìwọ̀n ọmọ bíbí bá yí padà, kì í ṣe pé ẹni tó ṣe projection náà purọ́.

Ọ̀kan wà tí gbogbo ìdílé yẹ kó mọ̀ dáadáa, prognosis. Diagnosis ń sọ àìsàn tó ń ṣe aláìsàn, prognosis ń sọ ibi tí àìsàn náà ń lọ. Bí dókítà bá ní "the prognosis is poor", kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì sọ pé àyẹ̀wò kò dára. Ohun tó ń sọ ni pé ìrètí ìwòsàn kéré. Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ, á sì máa sáré kiri láti tún àyẹ̀wò ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè tó yẹ kó bi dókítà ni ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe.

Ẹ wá wo ìhà kejì. Prophesy jẹ́ ti ìmísí: Ọlọ́run tàbí ẹ̀mí kan ló gba ẹnu ènìyàn sọ̀rọ̀. Foretell jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi, fore àti tell, ṣùgbọ́n ó ní ìwúwo kan tó yẹ kí oníròyìn ṣọ́ra fún. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "The pastor foretold the crash" ti jẹ́rìí pé pásítọ̀ náà sọ ọ́ lóòótọ́ àti pé ó ṣẹ. Bí ẹ kò bá fẹ́ jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, "claimed to have foretold" ni kí ẹ kọ. Ní oṣù Jánúárì, nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun bá ń ya wọ inú ìwé ìròyìn, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Sípẹ́lì prophesy máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni prophesy, s ló wà nínú rẹ̀, "sai" sì ni ìparí rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni prophecy, c ló wà nínú rẹ̀, "si" sì ni ìparí rẹ̀. Kò sí "prophesize" nínú Gẹ̀ẹ́sì tó dára. Ìgbà tó ti kọjá: prophesied, foretold, foresaw, forecast kì í sábà yí padà. Gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fore gbọ́dọ̀ ní e: foresee, forecast, foretell, foreboding. Àwọn tó ń kọ "forsee" àti "forcast" pọ̀ jù.

Òjò fẹ́ rọ̀

Ibi tí Yorùbá ti ń dẹ pàkúté fún wa jù nìyí. "Fẹ́" wa ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń sọ ohun tó ń wu ọkàn, ó sì ń sọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Want ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èkejì yẹn. "Rain wants to fall" kò bá Gẹ̀ẹ́sì mu, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó burú ni "Ó fẹ́ kú." Ẹni tó bá sáré dé ilé ìwòsàn ní London tàbí Houston, tó ń ké pé "My father wants to die", ti sọ fún wọn pé bàbá òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ìtọ́jú mìíràn pátápátá ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ rò. "My father is dying" ni ẹ máa sọ, tàbí "I think we are losing him."

Fún òjò, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. "It is about to rain" bí ó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀. "It is going to rain" bí a bá rí ẹ̀rí lójú: ìkùukùu ti ṣú, atẹ́gùn ti ń fẹ́. "It will rain" bí ó bá jẹ́ èrò tàbí ìdánilójú ẹni, láìsí ohun tí a tọ́ka sí. Ẹ rí i pé going to gan-an jẹ́ gírámà ẹni tó ń wo àmì. Níbikíbi tí ẹ bá ti lè fi "wò ó" síwájú gbólóhùn, going to ló yẹ: "Look at that wall, it is going to fall."

Predict fẹ́ that. "She predicted that he would win", kì í ṣe "She predicted him to win". Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹni náà ṣe olùwà, "He was predicted to win" tọ̀nà. Ẹ ṣọ́ will àti would pẹ̀lú: bí predicted bá ti wà ní ìgbà tó ti kọjá, would ló ń tẹ̀lé e. "NiMet predicted that the rains will start early" yẹ nìkan bí òjò náà kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, tí a sì ṣì ń retí rẹ̀.

Àdúrà ló kù. Á, ó àti yóò wa ń sọ ọjọ́ iwájú, wọ́n tún ń gbàdúrà. "Ẹ̀mí yín á gùn" kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí "You will live long", ẹ ti sọ ìyá àgbà di dókítà. "May you live long" ni. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ rọrùn: bí ẹni tó gbọ́ ọ bá máa dáhùn pé àmín tàbí àṣẹ, may ni kí ẹ lò. Bí kò bá ní dáhùn bẹ́ẹ̀, will ni. Ìdánwò yìí kì í sábà tàsé.

Ènìyàn ló sọ ọ́, àbí nǹkan ló fi í hàn?

Predict, prophesy, foretell àti forecast fẹ́ ènìyàn, tàbí ohun tí ènìyàn fi ṣírò bíi kọ̀ǹpútà. Bode, augur, portend àti presage ń tẹ̀lé nǹkan: ìdákẹ́jẹ́, ìròyìn, àyọrísí ìdìbò. "The chief portended war" kò ṣeé sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "The clouds predict rain" kò bójú mu, torí ìkùukùu kò ní ẹnu. Promise ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbẹ̀: "The clouds promise rain."

Bode ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ há sórí, torí pé òun ló wúlò jù nínú wọn, òun ni wọ́n sì ń bàjẹ́ jù. Ẹ̀yà mẹ́ta ló sábà máa ń ní: ohun tó ṣẹlẹ̀, well tàbí ill, àti for pẹ̀lú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. "This delay does not bode well for the harvest." A kì í sọ "bodes good", a kì í sọ "bodes bad", a kì í sì í sọ "it was boded". Augur ń lo férémù kan náà, ṣùgbọ́n inú ìwé ló ti wọ́pọ̀ ju ẹnu lọ; lẹ́nu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí ọ̀gá. Portend kò fẹ́ well tàbí ill. Ó ń gba àbọ̀ ní tààrà, ibi ló sì sábà máa ń jẹ́: "The silence portended trouble." Presage ṣe bákan náà, ó kàn fà sí ìwé díẹ̀ sí i. Foreshadow jẹ́ ti lítíréṣọ̀. Ẹ fi pamọ́ fún ìdáhùn ìdánwò.

Harbinger wù wá láti dúró lé lórí. Ní ayé àtijọ́, ẹni tó ń lọ ṣáájú ọba tàbí ọmọ ogun láti wá ilé tí wọ́n máa wọ̀ sí ni. Bí ẹ bá rí i tó wọ ìlú, ẹ mọ̀ pé ọba kò jìnnà. Ìtumọ̀ yẹn ló ṣì gbé: ohun tó dé ṣáájú, tí kì í ṣe òun ló fa èyí tó ń bọ̀. Ẹ̀fúùfù tó ṣáájú òjò jẹ́ harbinger òjò. Ojú pópó tó fọ́ kì í ṣe harbinger jàǹbá, cause ni.

Ire tàbí ibi

Omen fúnra rẹ̀ kò gbè sí ibì kankan, nítorí náà ó ń fẹ́ alábàárìn: a good omen, a bad omen, an ill omen. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọmọ rẹ̀, ominous, ti lọ sí ìhà ibi pátápátá. "An ominous silence" ni ìdákẹ́jẹ́ tó ń dẹ́rù bani. Kò sí ominous rere.

Auspicious ni ti ire. Ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀: avis ni ẹyẹ ní Látìn, specere ni wíwò. Àwọn ará Rómù kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlú kan láìwo bí ẹyẹ ṣe fò àti bí ó ṣe ké. Bí wọ́n bá ń lọ sógun, wọ́n á kó adìẹ mímọ́ dání, wọ́n á da oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Bó bá jẹ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, ire ni. Ní ọdún 249 ṣáájú ìbí Kírísítì, adìẹ kọ oúnjẹ lójú ọ̀gágun Publius Claudius Pulcher nítòsí Drepana ní Sicily. Ìtàn sọ pé ó ní bí wọn kò bá fẹ́ jẹun, kí wọ́n mumi, ó sì ní kí wọ́n jù wọ́n sínú òkun. Àwọn ará Carthage tó ń bá jà ṣẹ́gun rẹ̀, ọkọ̀ ogun tó sọnù kò kéré. Láti inú iṣẹ́ àwọn awòyẹ yìí, tí wọ́n ń pè ní augur, ni inaugurate ti wá. Ọjọ́ 29 oṣù Màyí tí wọ́n ń búra fún ààrẹ ní Abuja, ọ̀rọ̀ awòyẹ ni wọ́n fi ń pè é. "Under the auspices of" náà ti ibẹ̀ wá, àtìlẹ́yìn tàbí àbò nìkan ló sì túmọ̀ sí báyìí.

Nígbà tí auspicious bá jẹ́ ọjọ́ tí a ń retí ire láti inú rẹ̀, kí ló wá ń wá níbi òkú? "On this auspicious occasion" ti di ohun tí àwọn alága ayẹyẹ ń sọ láìrò, títí kan ibi ìsìnkú ọ̀dọ́. Solemn occasion ni ìyẹn. Àwọn mìíràn sì ń pè é ní "suspicious", èyí tó túmọ̀ sí pé ara ń fu wọ́n sí ayẹyẹ náà.

Ọ̀rọ̀ orí àti àyànmọ́ pín sí mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì. Destiny fà sí ire: destined for greatness. Fate wà láàárín, ó sì sábà máa ń wúwo: it was fated. Doom jẹ́ ibi pọ́ńbélé: doomed to fail. Fateful yàtọ̀ sí fatal. "A fateful journey" ni ìrìn àjò tó yí ìgbésí ayé padà. "A fatal journey" ni èyí tí ẹ̀mí lọ sí. Ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ti ìbánigbófò kò gbọ́dọ̀ pa méjèèjì pọ̀. Disaster gan-an ní ìràwọ̀ nínú, astro, ìràwọ̀ tó kò ire fún ènìyàn.

Àmì tí a rí àti àmì tí ara gbọ́

Bí ohun tí a rí bá ní okùn tó so ó pọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀ ní ti ìṣẹ̀dá, sign ni. Ìkùukùu dúdú jẹ́ sign òjò. Omen ni bí okùn náà kò bá hàn sí ojú: òwìwí ké lórí òrùlé, ẹnì kan sì kú. Ní ilé ìwòsàn, symptom ni ohun tí aláìsàn ń gbọ́ lára tó sì ń ròyìn. Sign ni ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ rí tàbí tó fọwọ́ kàn.

Àwọn àmì wa kan bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, àwọn kan kò bá a mu rárá. Òwìwí bá a mu. Ẹ kọ "an owl hooted" láìsí àlàyé. Ológbò dúdú ń fẹ́ àlàyé, torí ọ̀pọ̀ ará Britain gbà á sí oríire bí ó bá gba iwájú wọn kọjá, ará Amẹ́ríkà sì gbà á sí ibi. Ẹsẹ̀ kíkọ̀ kò dún bí àmì létí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá kọ "She stubbed her left foot" tí ẹ sì dákẹ́, òǹkàwé á rò pé ìrora nìkan ni ẹ ń sọ. Ẹ fi kún un: "which she took as a bad sign". Àtẹ́lẹwọ́ tó ń yúnni ló léwu jù: "My palm is itching" dára, ṣùgbọ́n "He has an itching palm" túmọ̀ sí pé olójúkòkòrò ni, ẹni tó fẹ́ràn àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ti ara náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Ara fu mí" ni "I sensed that something was wrong". Premonition ń fẹ́ ohun kan pàtó tí ara ń sọ: "I had a premonition that the bus would crash." Foreboding ni ẹ̀rù tí kò ní orúkọ. Hunch rọ̀, ó lè jẹ́ ire, ẹnu ni wọ́n ti ń lò ó jù: "I have a hunch she will call." Ẹ má ṣe kọ "my head swelled" fún "orí mi wú", torí ìgbéraga ni swollen-headed. "My hair stood on end" ló bá a mu.

Orúkọ àwọn tó ń ṣe é, àti iṣẹ́ wọn

Ẹ kọ babalawo bó ṣe wà, tàbí Ifá priest, tàbí diviner. Witch doctor àti fetish priest jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wá kẹ́gàn wa, kò sí ìdí tí ọmọ Yorùbá fi máa gbé wọn lé orí baba rẹ̀. Fortune-teller náà kò yẹ. Ẹni tó ń wo ọwọ́ tàbí káàdì gba owó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń mú wá sọ́kàn. Oníṣègùn ni herbalist. Wòlíì ni prophet, Ànábì náà ni prophet. Aríran ni seer. Visioner tí àwọn ìjọ wa ń lò kò yé ẹni tó wà lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Astrologer ń fi ìràwọ̀ sọ ọjọ́ iwájú, astronomer ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìràwọ̀, ẹ má fi orúkọ èkíní pe èkejì. Soothsayer ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Sooth ni òtítọ́ nígbà náà.

Oracle ni ojúbọ tàbí ohùn tó ń dáhùn, kì í ṣe ènìyàn lásán. Croesus ọba Lydia béèrè ní Delphi, ojúbọ kan ní ilẹ̀ Gíríìkì, bóyá kí òun gbógun ti Páṣíà. Wọ́n dá a lóhùn pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, á pa ìjọba ńlá kan run. Tirẹ̀ ló pa run. Ìdí nìyẹn tí Delphic fi túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ olójú méjì.

Ẹni tó wá béèrè ló ń consult, babaláwo ló ń cast. "He consulted Ifá" ni ti oníbèéèrè, "The priest cast the chain" ni ti babaláwo tó ń lo ọ̀pẹ̀lẹ̀. "A dífá fún" inú ẹsẹ Ifá ń di "Ifá divination was performed for", torí Gẹ̀ẹ́sì kò ní "a" tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni bíi tiwa. Ikin jẹ́ palm nuts, 16 ni. Ìyẹ̀ròsùn jẹ́ divining powder. Ọpọ́n jẹ́ divination tray. Ibi tí ògbufọ̀ ti ń ṣubú ni títẹ ìlà, torí pé ó lòdì sí ohun tí ojú ń retí: bí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́, ìlà méjì ni wọ́n ń tẹ̀; bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan. Ẹ kọ ọ́ ní kedere: "If one nut remains, two marks are made." Àmì tó jáde lórí ọpọ́n ni figure, odù 256 ló sì lè jáde. Ẹẹ́rìndínlógún ni sixteen-cowrie divination. Diloggún tí wọ́n ń pè é ní Cuba, ọ̀rọ̀ wa náà ni.

Ìwé àwọn onímọ̀ máa ń to Ifá sábẹ́ geomancy, pẹ̀lú yanrìn títẹ̀ tí àwọn ààfáà ń ṣe. Mancy ti Gíríìkì ni ìwádìí ohun ìkọ̀kọ̀: necromancy ti òkú, cartomancy ti káàdì, hydromancy ti omi. Divination tó kó gbogbo wọn pọ̀ ló dára jù, òun náà sì ni UNESCO lò nígbà tó fi Ifá sínú àkọsílẹ̀ ogún aráyé ní 2008.

Predict kò bá Ifá lò dáadáa. Ẹni tó predict ti sọ pé nǹkan náà máa ṣẹlẹ̀. Ifá sábà máa ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, á sì yan ẹbọ tí kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Warn, reveal àti prescribe ló gbé ìyẹn: "Ifá warned him and prescribed a sacrifice."

Ẹ fi èyí dán ọwọ́ wò

"Àsọtẹ́lẹ̀ náà kò ṣẹ": "The prophecy did not come true." Come to pass jẹ́ ti Bíbélì, be fulfilled jẹ́ ti ìwé. Àlá náà ń come true, interpret sì ni ọ̀rọ̀ fún títúmọ̀ rẹ̀, kì í ṣe translate.

"Bí ọjà ṣe dá láàárọ̀ yìí kì í ṣe àmì rere fún oṣù tó ń bọ̀": "This morning's slow trade does not bode well for the month ahead."

"Mo ti mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀": "I saw it coming." Ẹ má kọ "I predicted it" àfi bí ẹ bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu kó tó ṣẹlẹ̀.

"Ifá ní kó rúbọ, kó má baà pàdánù": "Ifá told him to offer a sacrifice, so that he would not suffer a loss."

"Ọdún tó ń bọ̀ á sàn ju èyí lọ": bí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ bá ń ka ìwé ìṣirò rẹ̀, "Next year will be better than this one." Bí ìyá bá gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí lẹ́nu ọ̀nà, "May next year be better than this one."